Òjò pọ̀ l'Ọ̀ṣogbo, kí ló wá dé tí kàǹga wa ń gbẹ?

Ọyẹ́ tọdún yìí ò ṣeré o, ètè gbogbo wa ti bó, kàǹga ojúlé wa náà sì ti fẹ́ gbẹ, tẹ́ ẹ bá ju ike sísàlẹ̀ ẹ máa gbọ́ bó ṣe ń ha àpáta gbàràgbàrà, ìgbà tó bá fi gòkè dé, ẹrẹ̀ lẹ máa bá nísàlẹ̀ ẹ̀.

Mo wá lọ ra àlùbọ́sà ní Sábó, mo bi bàbá tó ń tà á, ọmọ Máídúgùrì ni, mo ní "Àlàájì, báwo lẹ ṣe ń rómi lò nílé yín ní Máídúgùrì báyìí?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní "Bọ́họ̀lù ni o, Àǹtí, ó jìn gan-an."

Ó yà mí lẹ́nu díẹ̀, torí atẹ́gùn tó ń gbé òjò bọ̀ látorí òkun, ọ̀dọ̀ tiwa ló kọ́kọ́ ń dé, ó máa ń pẹ́ kó tó débẹ̀ yẹn, kì í sì í pẹ́ tó fi ń padà. Oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án ni òjò wọn, nǹkan bíi 600 mìlímítà lọ́dún, tiwa ju 1,200 lọ! Ṣùgbọ́n orí àpáta l'Ọ̀ṣogbo wà, omi díẹ̀ tó bá há sínú ilẹ̀ tó wà lórí àpáta yẹn náà la ń fà, kò sì lè pẹ́ tán. Abẹ́ Máídúgùrì ní tiẹ̀, yanrìn àti amọ̀ ló wà níbẹ̀, ó jìn wọlẹ̀ gidi, omi àtayébáyé ló wà nínú ẹ̀, àwọn bọ́họ̀lù kan wà láyé ọjọ́un tó jẹ́ pé omi ń tú jáde fúnra ẹ̀, ẹ ò ní tan ẹ̀rọ kankan.

Àmọ́ kẹ́ ẹ má jowú wọn jàre. Òjò ọdún kan ò lè dá irú omi bẹ́ẹ̀ padà tí wọ́n bá fà á jù. Omi orí ilẹ̀ gan-an ò ṣeé gbọ́kàn lé níbẹ̀, ẹ wo adágún Chad tó wà lápá àríwá wọn, ní 1963 ó fẹ̀ tó nǹkan bíi 25,000 kìlómítà níbùú lóròó, ọ̀dá 1972 sí 1973 dé, ti 1983 sí 1984 tún tẹ̀ lé e, ohun tó kù nígbà yẹn ò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Kò jìn rárá ni, oòrùn sì ń fà á, odò Chari tó ń ṣàn bọ̀ láti Central African Republic ló sì ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú omi ẹ̀ wá, tí òjò bá kọ̀ lọ́hùn-ún, ó parí náà nìyẹn.

Àwọn kan ní kí n gbẹ́ bọ́họ̀lù. Lórí àpáta yìí kẹ̀? Wọ́n lè gbẹ́ ẹ títí kí wọ́n má bá ibi tí àpáta ti sán tómi wà, kówó sì ti lọ. Tánkì ńlá lèmi máa rà kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kí n fi gọ́tà sétí páànù.