Ta Ló Wá Tọ́ Ọ?

Ọjọ́ Àìkú. Òjò láti òwúrọ̀. Mo fọ aṣọ iṣẹ́, kò gbẹ. 

Ọ̀rọ̀ kan há mi lọ́fun láti ọ̀sán. Bọ̀dá ló sọ ọ́ nígbà tí a ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀. Rédíò inú ọkọ̀ wọn ń kọ "On My Radio" ti ẹgbẹ́ The Selecter, ni mo bá ní, "Bọ̀dá, ṣé ẹ mọ̀ pé Yorùbá ni bàbá Pauline Black, obìnrin tó ń kọrin yìí? Adénlé ni." Wọ́n yí rédíò wálẹ̀, wọ́n fetí sí i díẹ̀, wọ́n ní, "Ó dáa, ọmọ wa ni. Ta ló wá tọ́ ọ?" Kí n tó lanu, Àǹtí ti gbé ọ̀rọ̀ iye tí wọ́n ń ta iṣu ní Foleshill Road wọlé. Ọ̀rọ̀ iṣu yẹn la sì sọ délé.

Ta ló wá tọ́ ọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ bí mo ṣe fẹ́ràn ẹgbẹ́ yìí tó. Ẹ má bínú, mo tún dé. Kí n tó kó wá sí Coventry, ẹgbẹ́ Specials àti Madness nìkan ni mo mọ̀ nídìí ska ti Ìlú Ọba, orin ijó tó ti Jàmáíkà wá, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn. Wọ́n á dárúkọ àwọn méjì yẹn tán, wọ́n á mí kanlẹ̀, wọ́n á wá rántí pé ẹnì kan tún wà lẹ́yìn.

Ẹ̀yìn yẹn gan-an ni wọ́n bí wọn sí. Nígbà tí Specials fẹ́ gbé "Gangsters" jáde ní 1979, owó ò sí mọ́ tí wọn á fi gba orin tó máa wà lẹ́yìn àwo sílẹ̀. Neol Davies, ọ̀gbẹ́ni onijìtá kan ní Coventry, ní orin kan nílẹ̀ tí òun àti John Bradbury, onílù Specials, ti ṣe ní 1977. Kò sẹ́ni tó kọrin nínú rẹ̀, fèrè trombone ló ń ròyìn. Wọ́n pè é ní "The Selecter", wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn àwo Specials. Àwo náà tà gan-an. Àwọn èèyàn yí i padà, ẹ̀yìn rẹ̀ dùn mọ́ wọn, wọ́n wá ń bèèrè ẹgbẹ́ tó ṣe é. Ẹgbẹ́ kankan ò sí! Davies wá ń wá ẹgbẹ́ tí yóò fi jẹ́ orúkọ tó ti gbajúmọ̀ tẹ́lẹ̀.

Inú Coventry níbí náà ló ti rí wọn. Gaps Hendrickson wá láti St Kitts. Charley Anderson, ọmọ Jàmáíkà, mú jìtá báàsì. Compton Amanor, ẹ̀jẹ̀ Gánà wà lára rẹ̀. Desmond Brown wà nídìí dùùrù Hammond, Charley Bembridge nídìí ìlù. Davies nìkan ni òyìnbó láàárín wọn. Pauline, obìnrin tí wọ́n wá fi síwájú, ọsibítù ló ń ṣiṣẹ́, ó ń ya àwòrán egungun àwọn aláìsàn lọ́sàn-án.

Ó wù mí kí n dá Bọ̀dá lóhùn pé àwọn wọ̀nyí ló tọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹni ọdún 25 ni nígbà tó débẹ̀. Wọ́n ti tọ́ ọ tán.

Mo ti gbọ́ orin yẹn lálẹ́ yìí kọjá bó ṣe yẹ. Dùùrù Desmond Brown ń fò lábẹ́, jìtá ò sì jẹ́ bọ́ sórí ìlù láéláé. Àárín ìlù méjì ló máa ń já sí, tí á gé kúrú, tí á tún gé kúrú, bí obìnrin tó ń rẹ́ ilá tí àlejò ti jókòó. Ohùn Pauline wà nílẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí nǹkan ti sú. Bó bá wá dé orí "rédíò", ohùn yẹn á fò sókè lójijì, ìwọ gan-an á gbójú sókè. Ẹjọ́ rédíò ló ń rò nínú orin náà, pé nǹkan kan náà ni wọ́n ń gbé sáfẹ́fẹ́ lójoojúmọ́. Rédíò gbọ́ ẹjọ́ ara rẹ̀, ó sì ń gbé e sáfẹ́fẹ́ lójoojúmọ́! Orin náà dé ipò kẹjọ lórí àtẹ orin Ìlú Ọba. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá 1979, Specials, Madness àti Selecter jọ wà lórí Top of the Pops, ètò orin orí tẹlifíṣọ̀n, lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Nínú gbogbo àwọn tó ń kọrin níwájú ẹgbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun nìkan ni obìnrin, tòun ti kóòtù ọkùnrin àti fìlà òyìnbó tó fi bo iwájú orí. Mo bá àwọn ọmọbìnrin dúdú tó ń wo tẹlifíṣọ̀n lálẹ́ ọjọ́ yẹn yọ̀. Mi ò tíì dáyé.

Inú ti ń bí mi sí Bọ̀dá láti ìgbà tí mo ti wọlé. Kí ni ti "ta ló tọ́ ọ"? Ṣé ẹ̀jẹ̀ ò tó ni?

Ṣùgbọ́n ṣé ó tó? Wọ́n bí Pauline ní Romford ní 1953. Gordon Adenle ni bàbá, ọmọ wa láti ilé. Ìyá jẹ́ òyìnbó tó jẹ́ Júù. Ìdílé Vickers, òyìnbó pọ́ńbélé, gbà á tọ́ láti kékeré, òun nìkan ló dúdú nínú ilé. Àwọn wọ̀nyẹn kì í fẹ́ kí ọ̀rọ̀ "dúdú" jáde lẹ́nu. Nígbà tó wọ ẹgbẹ́ olórin ní 1979, ó sọ ara rẹ̀ ní Pauline Black, kó má sí bí wọn yóò ṣe pè é tí wọn ò ní sọ ọ́. Mo máa ń rẹ́rìn-ín tí mo bá dé ibi yìí. Lónìí, ẹ̀rín náà ò wá. Ó ti lé ní ẹni 40 ọdún kó tó rí ìyá tó bí i, ní Ọsirélíà. Bàbá ti kú kó tó wá a kàn.

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bá Bọ̀dá. Àwọn tó dé Ìlú Ọba láyé ìgbà yẹn mọ̀ ọ́n dáadáa: láti 1950s síwájú, akẹ́kọ̀ọ́ wá láti ilé, iṣẹ́ alẹ́, ìwé ọ̀sán, yàrá kan ṣoṣo tí onílé ò fẹ́ ọmọdé níbẹ̀. Wọ́n á polówó nínú ìwé ìròyìn pé àwọn ń wá ẹni tó máa bá àwọn tọ́mọ, ìyá òyìnbó kan ní ìgbèríko á gbà á, wọ́n á máa sanwó lọ́sẹ̀. Àwọn mìíràn padà lọ gbé ọmọ wọn. Àwọn mìíràn dé ibẹ̀, ọmọ sá fún wọn. Ti Pauline yàtọ̀, wọ́n gbà á tọ́ pátápátá ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò jìnnà síra. Bóyá kì í ṣe Pauline ni Bọ̀dá ń bá wí. Bọ̀dá àti àkọ́bí wọn, ẹ̀yin náà mọ̀... Rárá o, èyíinì ò kàn mí.

Ohun tó dùn mí jù ni pé wọ́n lè máa sọ òótọ́. Ní 2022 ni wọ́n fún un ní oyè OBE. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń rí àwọn èèyàn wa tó ń pè é ní "ọmọbìnrin wa". Ká ní ìlú wa kan ló jẹ oyè náà sí ni, aṣọ ẹbí ì bá ti jáde, a ó ti ná owó mọ́ ọn níwájú orí, ẹnì kan ì bá ti máa ki oríkì tí kò mọ ìdí rẹ̀. Lọ́dún 1980, nígbà tí àwọn ọmọ National Front, ẹgbẹ́ òṣèlú tó kórìíra èèyàn dúdú, ń wọ inú gbọ̀ngàn wá pariwo mọ́ ẹgbẹ́ yìí lórí orin tí wọ́n tún ń jó sí, níbo la wà? Ó dáa, mo mọ ibi tí a wà. A ń ná owó epo. Ta ló ráyè ska?

Tíì mi ti tutù. Mo tún gbé omi kaná.

Àwo kejì ni mo wà lórí rẹ̀ báyìí, "Celebrate the Bullet", ti 1981. Anderson àti Brown ti kúrò lẹ́gbẹ́ kó tó jáde, ẹgbẹ́ náà sì ti kúrò lọ́dọ̀ 2 Tone, ilé-iṣẹ́ tó ń gbé àwo wọn jáde tẹ́lẹ̀. Àwo àkọ́kọ́ dé ipò karùn-ún, èyí ò sún mọ́ ọn rárá. Orin tó fún un lórúkọ ò yá, ó wúwo, jìtá Davies ń dún lókèèrè, kò sí ijó níbẹ̀. Ìbọn gan-an ló ń bá wí. Ṣùgbọ́n ẹ wo àkókò: wọ́n ti yìnbọn pa John Lennon ní oṣù Kejìlá 1980, wọ́n tún yìnbọn lu Ààrẹ Reagan ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta 1981. Orin tó ní ká bá ọta ìbọn yọ̀, rédíò wo ló máa dúró gbọ́ ìyókù? Wọ́n pa á tì. Rédíò tó gbé wọn sókè náà ló mú wọn sọ̀. Kò pẹ́ tí ẹgbẹ́ náà fi tú ká.

Wọ́n padà wá ní 1991, wọ́n pín sí méjì, wọ́n jà lórí ta ló ni orúkọ. Wọ́n gbé àwo tuntun jáde ní 2023. Gaps kú ní 2024. Nígbà tí mo gbọ́, mi ò rí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún níbi iṣẹ́ tó mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ní Coventry níbí!

Àwo kejì yìí dáa ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo ti sọ ọ́. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin kan máa bá mi jà, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ijó, ṣùgbọ́n ẹ lọ gbọ́ ọ délẹ̀ kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ láti orin kejì bí ẹ ṣe máa ń ṣe.