PostgreSQL láìsí sudo: ibi tí iṣẹ́ dé

Àkọsílẹ̀ ẹyẹ tí mo ń rí ti pọ̀ kọjá ohun tí spreadsheet lè gbà, mo sì fẹ́ kó o sínú PostgreSQL, ètò database kan. Àyè wà fún mi lórí server kan tí àwa púpọ̀ jọ ń lò, ṣùgbọ́n mi ò ní sudo (àṣẹ tó ń jẹ́ kéèyàn ṣe ohun tí alákòóso lè ṣe), mi ò sì fẹ́ máa yọ alákòóso lẹ́nu nítorí eré ìdárayá.

Ohun tó kì mí láyà ni pé PostgreSQL fúnra rẹ̀ kò gba ti root, aṣàmúlò tó láṣẹ lórí gbogbo server. Bí root bá ní kó gbéra, yóò kọ̀ jálẹ̀ ni. Port (nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà) 5432 tó ń lò náà ga ju 1024 lọ; àwọn tó wà lábẹ́ ìyẹn ló jẹ́ ti root nìkan. Kí ló wá kù? Ibi tí fáìlì yóò wà, mo sì ní $HOME, fódà tèmi lórí server.

Sátidé

Mo wa source code rẹ̀, mo tú u, mo tẹ:

`./configure --prefix=$HOME/pgsql`

Láìsí `--prefix`, /usr/local/pgsql ni yóò forí lé, wọn ò sì ní jẹ́ kó wọlé. Kò pẹ́ tó fi dúró: kò rí ICU, àkójọ kóòdù tó ń bá a to ọ̀rọ̀ ní oríṣiríṣi èdè. Láti ẹ̀dà 16 ló ti ń béèrè rẹ̀, àyàfi téèyàn bá fi `--without-icu` sí i. Ó tún dúró lórí readline, kóòdù tó ń bójú tó ohun téèyàn ń tẹ̀. Mo fi `--without-readline` sí i. Ìyà ìyẹn ni pé nínú psql, ibi tí mo ti ń tẹ àṣẹ sí database, tí mo bá tẹ ọfà òkè láti pe àṣẹ àná padà, `^[[A` ló ń jáde. Ó ń bíni nínú, àmọ́ kò pa dátà lára. `make` àti `make install` ò yọ mí lẹ́nu rárá.

Àìkú

Ibí ni kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀. initdb, àṣẹ tó ń dá àyè database sílẹ̀, bó bá jẹ́ lásán, máa kọ "trust" sínú pg_hba.conf, fáìlì tó ń sọ bí èèyàn ṣe ń wọlé: ẹnikẹ́ni tó bá ti wà lórí server náà lè wọlé láìsí password, kódà lórúkọ ọ̀gá database. Lórí kọ̀ǹpútà àdálò, kò burú jù. Lórí èyí tá a jọ ń lò, mi ò rí ìdí tó fi yẹ. Nítorí náà, mo ní kó máa béèrè password:

`initdb -D $HOME/pgdata -A scram-sha-256 -W`

Nínú postgresql.conf, mo sọ `listen_addresses` di òfìfo kó má gba ẹnikẹ́ni láti orí network, mo sì kó socket, fáìlì tí a ń gbà wọlé, kúrò ní /tmp lọ sí fódà tèmi, ~/pgsock, tí mo fi chmod 700 tì. Bí ẹlòmíràn bá ti gba 5432, kò kàn mí mọ́. `psql -h $HOME/pgsock postgres` ni mo fi ń wọlé.

Ajé

Mo jáde lórí server, mo padà wọlé, mo bá èyí nínú log: `could not open shared memory segment`. systemd, ètò tó ń darí iṣẹ́ lórí Linux, ló fà á. Bí aṣàmúlò bá ti jáde tán, RemoveIPC, ètò inú systemd kan, lè gbá shared memory aṣàmúlò náà (ibi ìrántí tí àwọn ètò jọ ń lò) dànù. Àwọn aṣàmúlò ti ètò nìkan ni kì í fọwọ́ kàn. logind.conf, fáìlì tó ń darí rẹ̀, sì rèé, ti root ni. Mo bá yí `dynamic_shared_memory_type` sí `mmap`, kó máa kó o sínú pg_dynshmem lábẹ́ pgdata. Ìwé PostgreSQL kì í gbóríyìn fún mmap, torí ó lè máa kọ sórí dísìkì léraléra. Fún ẹyẹ, ó tó.

Ó ku kí n fi `pg_ctl start` sí `@reboot` nínú crontab, kó máa gbéra fúnra rẹ̀ tí server bá tún bẹ̀rẹ̀, kí n sì fi `\copy` kó CSV wọlé.