Ọpẹ́ fún ohùn tó bá akẹ́kọ̀ọ́ wa rìn lókè

Ẹ bá wa yin Olúwa. Akẹ́kọ̀ọ́ wa kan dá wà nínú bàálù, lórí ìrìn àjò gígùn tí òfin Amẹ́ríkà ní kó dá rìn kó tó lè gba ìwé ẹ̀rí awakọ̀ bàálù: 150 máìlì ojú òkun lápapọ̀, ibi ìbalẹ̀ 3, kí ọ̀kan nínú àwọn ìpín ìrìn náà sì ju 50 máìlì lọ. Kùrukùru bo ilẹ̀ mọ́ ọn lójú. Ó délé láyọ̀. A fẹ́ dárúkọ ohun tí Ọlọ́run fi yọ ọ́, torí ohun tí a ń dúpẹ́ fún jù lọ ti ṣẹlẹ̀ kí kùrukùru tó dé rárá: ó ti bá àwọn adarí ojú òfuurufú sọ̀rọ̀ ṣáájú.

"Flight following" ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà. Adarí á máa fi rédà tọ bàálù lẹ́yìn, á sì máa kìlọ̀ nípa bàálù mìíràn tó bá ń sún mọ́ ọn. Wọn kì í gba owó, òfin ò sì fi dandan mú ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń sá fún un. Ẹ̀rù rédíò ń bà wọ́n ju ẹ̀rù afẹ́fẹ́ lọ.

A dúpẹ́ fún nọ́ńbà mẹ́rin inú transponder, ẹ̀rọ inú bàálù tó ń dá rédà lóhùn. Láti 0 dé 7 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 4,096. 1200 ni gbogbo bàálù tó ń fi ojú wo ọ̀nà (VFR) máa ń lò bí wọn kò bá bá adarí sọ̀rọ̀, nítorí náà wọ́n jọra bí ìbejì lójú rédà. Bí adarí bá fún ọ ní tìrẹ, ó ti mọ̀ ọ́, ó mọ ibi tí ò ń lọ. Tí ẹ̀rọ rẹ bá jẹ́ èyí tí a ń yí lọ́wọ́, má jẹ́ kó gba orí 7500, 7600 tàbí 7700 kọjá: ìjínigbé ni ti àkọ́kọ́, rédíò tó kú ni ti kejì, ewu ni ti ìkẹta.

Bí a ṣe ń pè é rèé. Kọ ọ̀rọ̀ rẹ sórí ìwé orí orúnkún kí o tó fọwọ́ kan bọ́tìnì. Tẹ́tí sílẹ̀ ná, kí o má bàa sọ̀rọ̀ lé ẹlòmíì lórí. Ìpè àkọ́kọ́ kì í gùn: orúkọ ẹni tí ò ń pè, orúkọ bàálù, "student pilot", "VFR request". Dákẹ́. Tó bá dáhùn, sọ irú bàálù rẹ, ibi tí o wà (iye máìlì àti apá ibi tó jẹ́ sí pápákọ̀ kan), gíga rẹ, ibi tí ò ń lọ, àti gíga tí o fẹ́ fò. Ẹ má tijú ọ̀rọ̀ "student pilot" yẹn. Òun ló ń jẹ́ kí adarí sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, kó má sì kó àṣẹ mẹ́ta jọ lẹ́ẹ̀kan.

"Radar contact" ni gbólóhùn tó fi hàn pé ó ti rí ọ. Síbẹ̀ ojú rẹ kò gbọdọ̀ kúrò níta. Bí iṣẹ́ bá wọ adarí lọ́rùn, ó lè kọ̀ ọ́ tàbí kó jáwọ́. Ìsọfúnni rẹ̀ náà sì ní ọgbọ́n tirẹ̀. Tó bá ní bàálù kan wà ní agogo 12, ìyẹn iwájú gan-an, ipa ọ̀nà rẹ ló ń rí, kò rí imú bàálù rẹ. Tí afẹ́fẹ́ apá òsì bá mú kí o yí imú sósì ní dígíríì 15, bàálù yẹn á wà ní ọ̀tún imú rẹ, bí agogo 12 ààbọ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń wò gààràgà síwájú, tí wọn kì í rí nǹkan kan.

Àbójútó yìí kò sì ṣí ilẹ̀kùn Class B, òfuurufú tó yí àwọn pápákọ̀ ńlá ká, fún ọ. O gbọ́dọ̀ gbọ́ "cleared" (a gbà ọ́ láyè) fúnra rẹ̀, ìfọwọ́sí olùkọ́ fún ibẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ti wà nínú ìwé rẹ. Bí wọ́n bá sì darí rẹ sínú ìkùukùu, "unable" (mi ò lè ṣe é) ni ìdáhùn: akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ fò láìrí ilẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ máa ríran tó máìlì 3 ó kéré tán lọ́sàn-án.

Nígbà tí wọ́n bá fà ọ́ lé adarí mìíràn lọ́wọ́, kọ nọ́ńbà rédíò tuntun sílẹ̀, kà á padà fún un, kí o tó yí i. Tí ẹnikẹ́ni ò bá dáhùn, padà sọ́dọ̀ ti tẹ́lẹ̀.

Ní ti kùrukùru: kí apá bàálù dọ́gba ná, kí ojú wà lára àwọn aago ìdíwọ̀n iwájú, torí omi inú etí ń parọ́, kì í mọ̀ tí bàálù bá ń yí díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà, yí padà. Ní dígíríì 3 fún ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, 180 á gba ìṣẹ́jú kan gbáko. Ìgbà náà ni o tó sọ̀rọ̀, kí o sì sọ òótọ́: mi ò rí ilẹ̀ mọ́. Ẹni tí kò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá 121.5, nọ́ńbà rédíò pàjáwìrì, á máa ṣàlàyé ara rẹ̀. Ti akẹ́kọ̀ọ́ wa kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tó máa kọjú sí ni wọ́n sọ fún un, àti pápákọ̀ tó sún mọ́ ọn jù.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá kọ ètò ìrìn sílẹ̀ lọ́dọ̀ Flight Service, ọ́fíìsì tó ń gba ètò ìrìn àwọn awakọ̀ bàálù, ẹ pa á dé fúnra yín. "Radar service terminated" (àbójútó rédà ti parí) kì í pa á dé, bí ó bá sì fi ìṣẹ́jú 30 kọjá àkókò tí ẹ dá, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wá yín.

A ò mọ orúkọ adarí ọjọ́ náà, a ò mọ ojú rẹ̀. Olúwa tó mọ̀ ọ́n, máa bá a rìn bó ṣe bá ọmọ wa rìn.