Kí Ẹ Tó Tú Ẹ́ńjìnnì Tó Ń Mu Ọ́ìlì

Ẹ̀yin àbúrò mi tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ kátápílà, oṣù yìí ló pé ọdún 20 tí mo gba fírídọ̀mù. Ó yẹ kí inú mi dùn, àmọ́ ohun tí mo rí lọ́sẹ̀ tó kọjá kò jẹ́. Ọmọkùnrin kan gbé ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́fà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó ti tú u palẹ̀. Mo ní kí ló ṣe é. “Ọ̀gá, ó ń mu ọ́ìlì ni. Ríìǹgì ti lọ.” Ríìǹgì ni àwọn irin roboto tó yí písítìn ká, tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì gòkè síbi tí dísù ti ń jó. Ṣé ó wọn ọ́ìlì tó ń mu? Kò wọ̀n ọ́n. Ṣé ó wo èéfín rẹ̀? Kò wò ó. Ìdí tí mo fi jókòó kọ èyí nìyẹn.

Àkọ́kọ́, ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ fa géèjì ọ́ìlì láàárọ̀ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì. Ẹ kọ iye ọ́ìlì tí ẹ fi kún un sílẹ̀, àti iye dísù tó jó. Gbogbo ẹ́ńjìnnì dísù ló ń mu ọ́ìlì díẹ̀. Ní tèmi, bó bá ti ju lítà 1 lọ lórí dísù lítà 200, mo ti ń wá ìdí rẹ̀.

Ìkejì, ẹ wo ìta kí ẹ tó wo inú: síìlì (rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì) ẹ̀yìn kráńkì, kúlà ọ́ìlì, páìpù ọ́ìlì tọ́bò (abẹ̀bẹ̀ tó ń ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì). Ọ̀pọ̀ ọ́ìlì tí wọ́n ní ẹ́ńjìnnì mu, ilẹ̀ ló mu ún.

Ìkẹta, ẹ wo èéfín. Bó bá jẹ́ búlúù nígbà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tan án láàárọ̀, tó wá mọ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ fura sí síìlì fáàfù. Bó bá ń rú búlúù lábẹ́ ẹrù, tí breather (ihò tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí) sì ń fẹ́ bí ìkòkò tó ń hó, sílíńdà àti ríìǹgì ni. Bí ọ́ìlì bá rin páìpù tó ti ara tọ́bò wọ ẹ́ńjìnnì, tọ́bò ni kí ẹ kọ́kọ́ bi. Bí ẹ bá sì ṣí ìdí táǹkì afẹ́fẹ́ bíréèkì tí ọ́ìlì ń tú jáde, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ni.

Ìkẹrin, ẹ wá ohun tó pa ríìǹgì kí ẹ tó fi tuntun sí i. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe kọ́ ọ, nítorí ó gba owó lọ́wọ́ mi, ó tún ba orúkọ mi jẹ́.

Ọdún kẹta tí mo dá dúró, kúárì kan lágbègbè Abẹ́òkúta pè mí sí pélódà kan. Lítà 4 ló ń mu lójúmọ́, dísù tó ń jó kò sì ju 180 lọ. Breather ń fẹ́, èéfín búlúù ń rú. Mo ní ríìǹgì ni. Mo tú u, ó sì rí bẹ́ẹ̀: ríìǹgì òkè ti fẹ́lẹ́ bí abẹ, ojú láìnà, ìyẹn ògiri inú sílíńdà, ń dán bíi dígí, àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń di ọ́ìlì mú ti pa rẹ́. Inú mi dùn pé mo mọṣẹ́. Mo ra kítì tuntun (ríìǹgì, písítìn àti láìnà), mo dè é padà, ohùn rẹ̀ dùn. Wọ́n san ààbọ̀ owó mi, wọ́n ní ìyókù di ìparí oṣù.

Kò pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí wọ́n fi pè mí. Ó ti tún ń mu lítà 3. Mánéjà dúró lójú gbogbo òṣìṣẹ́, ó ní kítì ayédèrú ni mo rà, mo ti jẹ owó tó kù. Olè ni wọ́n pè mí, èmi tí mo di rìsíìtì mú lọ́wọ́. Mo ta ọ̀kadà mi ra kítì kejì. Wọn ò san ìyókù owó yẹn títí dòní, ó sì ń dùn mí síbẹ̀.

Bàbá àgbà kan tó ń jó irin níbẹ̀ ló yọ mí. Bàbá fi àkísà funfun nu inú họ́ọ̀sì tó so fílítà afẹ́fẹ́ mọ́ tọ́bò, ó nà án sí mi. Àkísà ti di àwọ̀ eérú. A tú họ́ọ̀sì náà. Nísàlẹ̀, lábẹ́ clip gan-an, níbi tí ojú kò lè dé, rọ́bà ti là, kò gùn ju èékánná lọ. Ibẹ̀ ni eruku ń gbà wọlé láìkan fílítà rárá. Òkúta Abẹ́òkúta, irú èyí tí Olúmọ jẹ́, ní quartz nínú, ẹyọ òkúta kan tó le ju irin láìnà lọ. Ó ń lọ sílíńdà bí ọlọ ṣe ń lọ ata. Mo yẹ tọ́bò wò: etí abẹ̀bẹ̀ tó ń fa afẹ́fẹ́ ti jẹ gbágungbàgun. Tọ́bò yìí kan náà ni mo yọ, tí mo fọ̀, tí mo dá padà nígbà àkọ́kọ́. Ọwọ́ mi kàn án, ojú mi ò wò ó.

Ẹ gbọ́ mi o. Ríìǹgì ti lọ lóòótọ́, mi ò ṣì í mọ̀. Ohun tó pa á ni mi ò béèrè, mo sì fa kítì tuntun lé apànìyàn kan náà lọ́wọ́. Ẹ wá ń gbá fílítà mọ́ táyà kí eruku lè gbọ̀n! Ẹ ń fi afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fẹ́ ẹ títí pépà rẹ̀ fi ń lu! Ẹ ń fọ fílítà kékeré tinú, tó jẹ́ pé pípààrọ̀ ni wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀! Mo bẹ̀ yín, ẹ jáwọ́ ńbẹ̀.

Mo bi ọmọkùnrin ọ̀sẹ̀ tó kọjá pé họ́ọ̀sì tọ́bò rẹ̀ dà. Ó ní ó ti gbó, àwọn ti jù ú nù. Mo ní kó wọ ọkọ̀ mi, a padà síbi tó ti tú ẹ́ńjìnnì, a ń tú ààtàn. Ọjọ́ kejì la tó rí i lábẹ́ òkú táyà, clip rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.