Má dì wọ́n mú

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn: "Àbúrò, jọ̀ọ́, má dì wọ́n mú." Kí ìyá rẹ̀ tó gbé ẹsẹ̀ kejì, ọwọ́ rẹ̀ á ti wà lábẹ́ apá wọn. Mi ò lè bínú. Ta ló máa rí ìyá ẹ̀ tó ń ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n, táá káwọ́ gbera?

Iṣẹ́ fisió, ìyẹn ìtọ́jú iṣan àti ìrìn, ni mò ń ṣe n'Ìbàdàn. Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ni wọ́n ti gbé ìyá wá. Àtẹ́lẹsẹ̀ ń ta wọ́n bí iná, síbẹ̀ ó kú tó bẹ́ẹ̀ tí bàtà fi ń bọ́ lẹ́sẹ̀ wọn láìmọ̀. Ládùúgbò, wọ́n ní ògógóró ni. Ìyá tí kì í mu ju Fanta lọ! Àìsàn tí dókítà dárúkọ, "tropical ataxic neuropathy", àìsàn iṣan ìmọ̀lára tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ dúró dáadáa, kì í ṣe tuntun nílẹ̀ wa: Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1968. Sáyánáìdì, májèlé inú ẹ̀gẹ́, ni wọ́n fura sí, àmọ́ àwọn tó wádìí rẹ̀ lẹ́yìn náà ò fẹnu kò.

Kí wọ́n tó rìn rárá, mo ní kí wọ́n fẹsẹ̀ méjèèjì kanra. Wọ́n dúró. "Ẹ dijú, mà." Àfi gbì, àyà mi ni wọ́n já lé, mo ti la apá sílẹ̀ lẹ́yìn wọn. Ẹsẹ̀ ò ròyìn ilẹ̀ fún ọpọlọ mọ́, ojú ló ń bá a ṣiṣẹ́. Ká ní ọpọlọ kékeré tó wà ní ìpàkọ́ ló bà jẹ́ ni, wọn ì bá máa fì, wọn ì báà lajú, wọn ì báà dijú. Ìyẹn ló jẹ́ kí n bi wọ́n nípa ilé ìwẹ̀. Wọ́n ní bí ọṣẹ bá ti bo ojú àwọn báyìí, ìṣubú dé.

Ìrìn wá kù. Mo ti lẹ sẹ́lòtéèpù mọ́ ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, mítà 14: méjì àkọ́kọ́ fún ká gbéra, méjì ìkẹyìn fún ká dúró, 10 tó wà láàárín nìkan là ń ka àkókò rẹ̀. Níbí ni mo ti ṣàṣìṣe. Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n wá, mo gbà kí ọmọ dì wọ́n mú, mo kọ ìṣẹ́jú àáyá 14 sílẹ̀, mi ò kọ ti ọwọ́ ọmọ mọ́ ọn. Lóṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, alábàáṣiṣẹ́ mi ní kí wọ́n dá rìn: 22. Gbogbo wa dààmú pé àìsàn ti fò fẹ̀rẹ̀ síwájú. Ọwọ́ ọmọ là ń wọ̀n látọjọ́ yìí o!

Ìṣòro kejì ni "pẹ̀lẹ́." Bí ìyá bá kọsẹ̀ díẹ̀, gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ á pariwo pẹ̀lẹ́, ìyá á dúró máa dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Aago ò sì dúró.

Lọ́tẹ̀ yìí, mo gbé fóònù mi fún àbúrò pé òun ni kó máa tẹ aago. Ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì dí. Èmi tẹ̀ lé ìyá díẹ̀ lẹ́yìn, mi ò fọwọ́ kàn wọ́n.

"Ìṣẹ́jú àáyá 21," ló wí, òógùn bò ó ju ìyá rẹ̀ lọ.

Ìyá bojú wẹ̀yìn. "Nọ́ọ̀sì, ṣé mo páàsì?"

Mo ti sọ fún wọn títí pé mi ò kì í ṣe nọ́ọ̀sì.