Mo kúnlẹ̀ torí kẹ̀kẹ́ ní Kyoto

Kí n tètè sọ ọ́ kẹ́ ẹ má baà rò pé mo fẹ́ ba orúkọ ìlú onílùú jẹ́: kò sẹ́ni tó jí kẹ̀kẹ́ mi. Ṣùgbọ́n fún odindi ogójì ìṣẹ́jú lọ́jọ́ yẹn, kò sí olè tó wà ní Kyoto, nílẹ̀ Japan, tí mi ò ṣépè fún, àtẹni tó jí i, àtẹni tó máa rà á lọ́wọ́ ẹ̀.

Oṣù kẹfà ni. Òjò tí wọ́n ń pè ní tsuyu ti dé, irú òjò wẹliwẹli tí kì í rọ̀ kó tẹ́ni lọ́rùn, tí kì í sì í dá. Mo gbé kẹ̀kẹ́ ológeere mi síbi tí mo máa ń gbé e sí nítòsí Sanjō, mo fi àgádágodo tì í, mo yà lọ ra ìrẹsì. Kò tó wákàtí kan tí mo fi jáde. Kẹ̀kẹ́ dà? Tèmi nìkan kọ́ o, gbogbo kẹ̀kẹ́ tó tò síbẹ̀ ló ti pòórá, ibẹ̀ wá mọ́ tónítóní bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá a. Èmi rèé, ìrẹsì kílò márùn-ún lọ́wọ́ kan, agboòrùn lọ́wọ́ kejì.

Mo pe màmá mi. Aago mẹ́ta ọ̀sán níbí, aago méje àárọ̀ ni nílé, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń po ògì.

"Àdùkẹ́, ṣebí ìwọ lo ní wọn kì í jalè lọ́hùn-ún?"

"Màmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ wá kẹ̀kẹ́ ná."

"O ra ìrẹsì wọn yẹn ṣá? Òun náà máa ń lẹ̀ jù."

Mo pa fóònù. Àgọ́ ọlọ́pàá kékeré kan wà ní ìkóríta, kōban ni wọ́n ń pè é, mo wọlé síbẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló jókòó. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Èmi náà, lẹ́yìn "sumimasen" àti "arigatō", n ò ní nǹkan kan lẹ́nu. Mo fi ọwọ́ ya kẹ̀kẹ́ fún un, mo fi ẹsẹ̀ wa kẹ̀kẹ́ tí kò sí níbẹ̀, mo wá na ọwọ́ méjèèjì sófìfo. Ó yé e. Ó gbé agboòrùn, ó tẹ̀ lé mi padà síbi ìṣẹ̀lẹ̀, ó sì nàka sílẹ̀. Bébà kan ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀, òjò ti pa á. Ó tún nàka sókè, sí pátákó kan báyìí.

Pátákó yẹn! Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Nígbà tí mo dé lóṣù kẹrin, abẹ́ rẹ̀ gan-an ni mo dúró sí ya fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́ sí ẹbí lórí WhatsApp, torí lẹ́tà rẹ̀ wù mí. Àǹtí mi àgbà kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé "Ògo ni f'Ọ́lọ́run." Ohun tó wà lára pátákó tá à ń fògo fún ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé kẹ̀kẹ́ síbẹ̀, wọn á gbé e lọ.

Kí n jẹ́wọ́ nǹkan kan. Ìjọba Japan ló gbé mi wá síbí, sikọ́láṣíìpù Monbukagakusho tí wọ́n ti ń fún àwọn àjèjì láti 1954. Yen 143,000 ni wọ́n ń san fún mi lóṣù, wọ́n sì ní kí n wá kọ́ èdè lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ní mi ò ráyè. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wa ń sọ ní láàbù, Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀jọ̀gbọ́n mi ń sọ, fóònù ń túmọ̀ ohun tó bá kù. Oṣù mẹ́ta ni mo fi gbé ní Kyoto bí ẹja inú ìgò, mò ń wo ìta, ìta ń wò mí.

Ibi tí wọ́n ń kó kẹ̀kẹ́ sí jìnnà. Mo wọ bọ́ọ̀sì, mo tún fẹsẹ̀ rìn, òjò ò dá. Nígbà tí mo débẹ̀, kẹ̀kẹ́ ni mò ń rí lọ rẹpẹtẹ, wọ́n tò wọ́n bí ọmọ iléèwé lórí ìlà, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà. Bàbá arúgbó méjì ló wà nínú ọ́fíìsì páànù kékeré kan. Wọ́n dìde, wọ́n tẹríba fún mi. Mo mú káàdì mi jáde, mo mú kọ́kọ́rọ́ jáde. Bàbá kan wá fi ìka kan iye owó lára ògiri.

Ẹ gbà mí o. Yen 500 ló máa ń yó mi lọ́sàn-án ní ilé oúnjẹ yunifásítì. Owó tí wọ́n kọ yẹn, oúnjẹ ọ̀sán ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni, lórí kẹ̀kẹ́ àlòkù tí mo rà ní yen 8,000!

Nílé wa, tọ́ràn bá ti dé báyìí, ẹ̀bẹ̀ ló kù. N ò tiẹ̀ rò ó, orúnkún mi ti kanlẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ṣàánú mi, akẹ́kọ̀ọ́ lásán ni mí." Yorùbá ni mo fi bẹ̀ wọ́n, tí Gẹ̀ẹ́sì ò bá ti ṣiṣẹ́, kí ni kí n máa fi ṣe?

Bàbá náà fò sókè bí ẹni tí ìjàlọ wọ̀ ní ṣòkòtò. "Iie, iie, iie!" Ó ń ju ọwọ́ méjèèjì. Èkejì sáré gbé àga wá, ó fẹ́ gbé mi dìde, kò mọ ibi tó yẹ kó dì mú lára mi, ó wá ń fọwọ́ bẹ atẹ́gùn. Ìgbà tó yá ni mo tó mọ̀ pé ìkúnlẹ̀ tá a fi ń kí ìyá ọkọ láràárọ̀, lójú àwọn ará ibí, tẹ́ ẹ bá fi tọrọ àánú, ọ̀rọ̀ ti kọjá kékeré nìyẹn. Dogeza ni wọ́n ń pè é téèyàn bá tún wá forí kanlẹ̀, ẹni tó ti ba nǹkan ńlá jẹ́ ló ń ṣe é. Èmi, torí kẹ̀kẹ́.

Wọ́n bẹ̀ mí ju bí mo ṣe bẹ̀ wọ́n lọ. Bàbá tẹríba títí irun funfun orí rẹ̀ fi kọjú sí mi. Nígbà tó dìde, ó tún fi ìka kan iye owó lára ògiri.

Kọ́bọ̀ kan ò dín. Tẹ́ ẹ bá ń wá ibi tí wọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe ń gbowó lọ́wọ́ ẹni pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ibẹ̀ nìyẹn. Inú bí mi débi pé n ò gba rìsíìtì mi dáadáa, bàbá tún sáré tẹ̀ lé mi láti fi ọwọ́ méjèèjì fún mi.

Ó wá rí i pé omi ti rin ìjókòó kẹ̀kẹ́ mi. Ó yọ tówẹ̀lì tó wà lọ́rùn rẹ̀, ó nu ìjókòó, ó nu ọwọ́ kẹ̀kẹ́ méjèèjì, ó tẹ bíréèkì wò. Ó sọ̀rọ̀ kan sí mi: "Ki o tsukete." N ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Mo ń tún un sọ lábẹ́ òjò títí mo fi délé kí n má baà gbàgbé, ki o tsukete, ki o tsukete, bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ lọ sọ́jà. Ẹnìkan ní láàbù ló sọ fún mi lọ́jọ́ kejì: kí n máa ṣọ́ra, kí n rọra lọ.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo lọ forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì èdè tí àwọn àgbà àdúgbò ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyá kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ló ń kọ́ wa. Mo gbé fọ́tò pátákó ọjọ́sí fún wọn, mo ní èyí ni kí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ mi. Sensei, bá a ṣe ń pe olùkọ́ wa nìyẹn, rẹ́rìn-ín. Wọ́n mú pẹ́ńsù, wọ́n ya lẹ́tà kan: 禁. Wọ́n ní igi ni èyí, igi ni èyí, méjèèjì pa pọ̀, igbó ni. Ohun tó wà lábẹ́ igbó náà, àmì ojúbọ ni, ibi tí wọ́n ń gbé ẹbọ sí fún òrìṣà.

Igbó lókè, ojúbọ nísàlẹ̀. Mo ní, "Sensei, ó yé mi! Igbó orò nìyí!" Èèwọ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ta ló máa kọ́ ọmọ Yorùbá pé wọn kì í wọ irú igbó bẹ́ẹ̀? Láti ọjọ́ náà, ibikíbi tí mo bá ti rí 禁, ẹsẹ̀ mi ń dúró fúnra ẹ̀.

Ìyẹn ló jẹ́ kí ojú mi là. Èdè tí mo ti ń sá fún láti oṣù mẹ́ta, ẹnu mi mọ̀ ọ́n. Ìwé sọ pé háshì ni igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí wọ́n fi ń jẹun, hàshí sì ni afárá. Ará Jámánì tá a jọ jókòó ní òun ò gbọ́ ìyàtọ̀ kankan. Èmi tí mo ti ń pe igba, igbá, ìgbà àti igbà láti kékeré! Mo kà á sókè, mo ń yangàn. Sensei ní Tokyo nìyẹn o, ní Kyoto òdìkejì rẹ̀ ni, afárá ló ń jẹ́ háshì. Mo ní ẹ fọkàn balẹ̀, ará Èkìtì àti ará Ẹ̀gbá náà kì í pe nǹkan bákan náà.

Ìyá kan ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa tó máa ń gbá iwájú ilé láràárọ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá ń jáde ni wọ́n máa ń sọ nǹkan kan sí mi, èmi á sì máa mi orí bí alángbá. Itterasshai ni wọ́n ń sọ. Lọ kó o bọ̀. Ìdáhùn rẹ̀ ni ittekimasu: mò ń lọ, mò ń bọ̀. Oṣù mẹ́ta ni àgbàlagbà fi ń kí mi ní ìkíni ilé wa tí n ò dá wọn lóhùn, èmi tí wọ́n tọ́! Àárọ̀ tí mo kọ́kọ́ dáhùn, ìgbálẹ̀ dúró lọ́wọ́ wọn. Òtsukaresama tí wọ́n ń sọ tá a bá ṣíwọ́ ní láàbù náà, ẹ kú iṣẹ́ ni, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi Gẹ̀ẹ́sì dà á rú fún yín.

Ìyá ìsàlẹ̀ ilé wa yẹn náà ló mú mi lọ wo iná ní ọjọ́ 16 oṣù kẹjọ. Wọ́n ní àwọn òkú ilé máa ń wá kí ẹbí nígbà Obon, iná ni Kyoto fi ń sìn wọ́n padà, wọ́n á dá a sára òkè márùn-ún tó yí ìlú ká. Mo ti kẹ̀kẹ́ mi dé etí odò Kamo, mo fẹ́ gbé e ti igi kan, mo rí igbó àti ojúbọ lára pátákó. Kí ìyá tó la ẹnu, mo ti ń tì í lọ síbi tí wọ́n ń sanwó sí. (Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ tètè débẹ̀. Àwọn tó dé ní aago mẹ́jọ, ẹ̀yìn orí èèyàn ni wọ́n wò.)

Aago mẹ́jọ géérégé, iná là lára òkè ìlà-oòrùn, ó kọ lẹ́tà kan gbàràmù-gbaramu: 大, "ńlá". Ariwo kékeré sọ, gbogbo rẹ̀ sì pa rọ́rọ́. Ìyá pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀. Mo sọ fún wọn pẹ̀lú èdè mi tó ń tiro pé àwa náà ní ará ọ̀run tó ń wá, aṣọ ni tiwa máa ń wọ̀, wọ́n sì máa ń jó. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo bi wọ́n pé tí àwọn tiwọn bá ń lọ, ṣé itterasshai ni wọ́n ń sọ fún wọn ni?

Ìyá rò ó díẹ̀. "Mata rainen," ni wọ́n wí.

Ó dàmọ́dún.

Nígbà tá a padà síbi kẹ̀kẹ́, ẹ̀rọ tó ń gbowó ní owó wẹ́wẹ́ nìkan ni òun ń gbà. Bébà ló wà lọ́wọ́ mi. Ìyá ló san yen 150 náà, wọn ò sì jẹ́ kí n dá a padà títí di òní.