Ẹnu éétíìnì: ibi tí Super Falcons ti ń fara gbọgbẹ́

Ẹni tó bá wo àṣekágbá ife ẹ̀yẹ àwọn obìnrin Áfíríkà tó wáyé ní Rabat ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 2025, góòlù tí Jennifer Echegini gbá wọlé ní ìṣẹ́jú 88 ni yóò máa dùn mọ́ ọn nínú títí di òní. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Mòrókò ti fi 2-0 ṣáájú Super Falcons, ikọ̀ àwọn obìnrin Nàìjíríà wa, a sì padà wá fi 3-2 gba ife kẹwàá. Ṣùgbọ́n góòlù tí mo fẹ́ kí á padà lọ wò dáadáa ni èyí tí Mòrókò kọ́kọ́ gbá wọlé. Ìṣẹ́jú 12 péré ni. Ghizlane Chebbak gba bọ́ọ̀lù lẹ́nu éétíìnì wa, ìyẹn àpótí ńlá tó wà níwájú àwọ̀n, ó ráyè wo àwọ̀n, ó sì gbá a wọlé láti ibẹ̀. Ẹjọ́ aṣọ́lé kọ́. Àyè tí wọ́n fún un ni ẹjọ́ wà lọ́rùn rẹ̀.

Ilẹ̀ tí mo ń pè ní ẹnu éétíìnì bẹ̀rẹ̀ láti ìlà iwájú àpótí ńlá, ó sì fi bíi mítà 12 sí 15 wá síwájú. Ẹ̀yìn àárín méjèèjì, ìyẹn àwọn olùgbèjà tó ń dúró láàárín, dojú kọ ọ́, àwọn agbábọ́ọ̀lù àárín pápá kọ ẹ̀yìn sí i. Tí kò bá sí ẹni tó mọ̀ pé òun ló ni ín, ilẹ̀ tí kò ní olóhun ni, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ibẹ̀ ló máa fi dáko.

Ẹ wo Òlíńpíìkì Paris 2024. Ìpàdé mẹ́ta la gbá, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la pàdánù: Bràsíl 0-1, Sípéènì 0-1, Jàpáànù 1-3. Marta ló ta bọ́ọ̀lù tí Gabi Nunes fi na wá fún Bràsíl. Lọ́wọ́ Sípéènì, a ti fara dà á dé ìṣẹ́jú 85 kí Alexia Putellas tó fi fíríkíìkì tààrà gbá a wọlé. Lọ́wọ́ Jàpáànù, Hikaru Kitagawa tún fi fíríkíìkì na wá kí abala àkọ́kọ́ tó parí. Góòlù márùn-ún ló wọlé wa ní ìdíje yẹn, méjì nínú rẹ̀ jẹ́ fíríkíìkì. Fíríkíìkì ẹnu éétíìnì kì í ṣàdédé wáyé o. Ẹni tó pẹ́ dé, tó wá fi ẹsẹ̀ kọ́ alátakò níbi tí kò yẹ, ló ń bí i.

Kí á má ṣe àìdáa sí wọn. Ní Mòrókò 2025, ẹ̀yìn Falcons le bí àpáta: Tùnísíà 3-0, Botswana 1-0, Àlgéríà 0-0, Sáńbíà 5-0. Gúúsù Áfíríkà nìkan ló gbá ọ̀kan wọlé wa kí á tó dé àṣekágbá, pẹ́náritì Linda Motlhalo sì ni. Ìyẹn ni pé kò sí ẹni tó fi eré tó ń lọ lọ́wọ́ na aṣọ́lé wa, Chiamaka Nnadozie, títí di ọjọ́ àṣekágbá. Osinachi Ohale àti Oluwatosin Demehin kì í ṣe ẹ̀yìn àárín tí èèyàn ń fojú kéré. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ìṣòro yìí kì í ṣe ti ẹnì kan. Ọ̀rọ̀ jíjìnnà síra ni.

Báwo ni àlàfo yẹn ṣe ń ṣí? Bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ wa níwájú nígbà tí ẹ̀yìn ọ̀tún àti ẹ̀yìn òsì ti gòkè lọ. Àwọn àárín pápá méjì sáré lọ bá bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí inú ń bí wọn pé ó bọ́. Ní àkókò yẹn gan-an, ẹ̀yìn àárín ń fà sẹ́yìn, ẹ̀rù ń bà á pé wọn yóò gbé bọ́ọ̀lù gba orí òun kọjá. Àwọn kan ń lọ síwájú, àwọn kan ń lọ sẹ́yìn. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, mítà 12 tó wà láàárín wọn ti di 25. Ẹ kò ní í rí i lórí tẹlifíṣọ̀n tí ẹ bá ń tẹ̀lé bọ́ọ̀lù nìkan, torí kámẹ́rà pàápàá bọ́ọ̀lù ló ń lé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní bọ́ọ̀lù ní Ìlọrin, Ọ̀ffà, Àjàṣẹ́-Ìpo tàbí Òmù-Àrán, àìsàn kan náà ló ń ṣe ikọ̀ ilé-ìwé yín. Oògùn rẹ̀ kò gba owó.

Ẹ wọn ilẹ̀ tó gùn ní mítà 30, tó sì fẹ̀ ní mítà 20. Ẹni tí kò ní téèpù, kí ó fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n. Ìgbésẹ̀ gígùn kan ti àgbàlagbà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà kan. Ẹ fi ìlà pín gígùn rẹ̀ sí mẹ́ta, mítà 10 lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí kóònù kò bá sí, ike omi tí ẹ bu iyanrìn díẹ̀ sí dára. Ẹ má lo òkúta, nítorí ọmọ tó bá ṣubú lé e yóò fara pa. Ẹ fi ọmọ mẹ́rin tó ń ta bọ́ọ̀lù síra wọn sí apá kìn-ín-ní. Àwọn àárín pápá mẹ́ta tó ń gbèjà ni kí ẹ fi sí apá kejì. Ẹ̀yìn àárín méjì wà ní apá kẹta, pẹ̀lú alátakò kan tó ń fara pamọ́ sẹ́yìn àwọn àárín pápá. Ẹ jẹ́ kí á pe òun ní Chebbak. Iṣẹ́ àwọn mẹ́rin ni kí wọ́n rí ọ̀nà ta bọ́ọ̀lù dé ọ̀dọ̀ Chebbak. Tí ó bá gbà á tó sì ráyè yíjú sí ẹ̀yìn àárín, àmì kan nìyẹn. Ìṣẹ́jú mẹ́rin, ìsinmi ìṣẹ́jú méjì, lẹ́ẹ̀mẹrin, kí wọ́n sì máa pààrọ̀ ipò.

Òfin rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ. Nínú àwọn àárín pápá mẹ́ta, ẹnì kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ jáde lọ bá bọ́ọ̀lù. Àwọn méjì tó kù yóò sún mọ́ra lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn. Tí bọ́ọ̀lù bá dé ọ̀dọ̀ Chebbak, ẹ̀yìn àárín kan jáde sí i kí ó tó yíjú, èkejì á sì bọ́ sẹ́yìn rẹ̀ láti bo àyè. Ẹ̀yìn ló sì gbọ́dọ̀ máa sọ̀rọ̀, torí òun ló ń rí gbogbo ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ kúkúrú ni: “Jáde!” “Dúró!” “Ẹ̀yìn ẹ!” Ikọ̀ tó bá dákẹ́ jẹ́ẹ́ lórí pápá ti fẹ́ gba góòlù wọlé.

Àṣìṣe tí ẹ máa rí jù ni pé ọmọ méjì yóò jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má pariwo mọ́ wọn. Ẹ dá eré dúró, kí olúkúlùkù dúró sí ibi tó wà, kí wọ́n fi ojú ara wọn rí ihò tó ṣí sílẹ̀. Àṣìṣe kejì burú jù ú lọ: ẹ̀yìn àárín pẹ́ kí ó tó jáde, Chebbak ti yíjú, ó wá fò mọ́ ọn. Fíríkíìkì Putellas nìyẹn, bí káàdì kò bá tilẹ̀ tẹ̀lé e. Ní ìdíje ife Áfíríkà ọdún 2022, Halimatu Ayinde àti Rasheedat Ajibade gba káàdì pupa nínú ìpàdé kan ṣoṣo pẹ̀lú Mòrókò ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá. Èèyàn mẹ́sàn-án ló gbá a parí, a sì já sí pẹ́náritì. Nítorí náà, ẹ kọ́ wọn pé tí alátakò bá ti yíjú sí ọ, eré ti yí padà. Má fò. Dúró ní nǹkan bíi mítà kan àbọ̀ sí i, tẹ orúnkún díẹ̀, dúró ní ẹ̀gbẹ́ kan, kí o sì fara tì í lọ sí apá tí ìlà ẹ̀gbẹ́ pápá wà. Bí ó bá fi ìṣẹ́jú àáyá méjì ronú, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ti padà dé.

Aṣọ́lé náà ní ipa tirẹ̀. Tí bọ́ọ̀lù bá wà ní ìdajì pápá alátakò, tí aṣọ́lé sì dúró lórí ìlà, ẹ̀yìn kò ní í gbójú lé e láti gòkè. Kí ó jáde wá sí bíi mítà 12 sí 15 síwájú àwọ̀n, kí ó lè gba èyí tí wọ́n bá gbé kọjá lórí àwọn ẹ̀yìn. Ìgbà yẹn ni ẹ̀yìn yóò ní ìgboyà láti fi mítà 10 sí 15 péré sílẹ̀ láàárín òun àti àárín pápá. Nígbàkúùgbà tí alátakò bá sì ta bọ́ọ̀lù padà sẹ́yìn, gbogbo ẹ̀yìn yóò sáré gòkè mítà márùn-ún pa pọ̀.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tún wà níbẹ̀. Pápá yangí tí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wa ń lò máa ń sọ bọ́ọ̀lù sókè gan-an, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí ilẹ̀ bá ti gbẹ. Bọ́ọ̀lù tí ẹ fẹ́ kún bámúbámú lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní í gbọ́ràn sí ọmọ kankan lẹ́nu, gbogbo ohun tí mo sọ yìí yóò sì dàrú. Òfin bọ́ọ̀lù gbà kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ wà láàárín 0.6 sí 1.1 átímọ́sífíà. Lórí yangí, ẹ jẹ́ kí ó sún mọ́ 0.6.

Ní ti iwájú, ibi tó ń dun àwọn alátakò wa ni ibi tó ń dun àwa náà, ìyẹn ni ìgbà tí ẹ̀yìn bá ń sáré padà tí kò sì rí ẹni tó ń bọ̀ níwájú rẹ̀. Esther Okoronkwo ló fi èyí hàn ní Rabat. Ní ìṣẹ́jú 64, ó fi pẹ́náritì dá ọ̀kan padà. Ní ìṣẹ́jú 71, ó gbé bọ́ọ̀lù wọ inú éétíìnì, kò gbá a sí àwọ̀n láti ibi tó ti há, ó tà á fún Folashade Ijamilusi tí àwọ̀n ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ní ìṣẹ́jú 88, fíríkíìkì rẹ̀ ni Echegini fi gbá ìkẹta wọlé. Góòlù kan, ìrànlọ́wọ́ méjì. Wọ́n fún Ajibade ní ẹ̀bùn agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní gbogbo ìdíje, kò sì sí ẹjọ́ níbẹ̀, torí olórí ikọ̀ tó ń gbógun tó tún ń sáré padà wá gbèjà ṣọ̀wọ́n. Síbẹ̀, lójú tèmi, ìpinnu Okoronkwo ní ìṣẹ́jú 71 yẹn ló yí ìpàdé náà padà. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tó ń gbá iwájú ní ọdún 16 sí 18 ni yóò gbá irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ fúnra wọn, kí ó lọ lu àwọ̀n ẹ̀gbẹ́.

Èyí náà ṣe é kọ́. Ọmọ kan gbé bọ́ọ̀lù ní ẹ̀gbẹ́ lọ sí ìlà ẹ̀yìn pápá. Mẹ́ta ń bọ̀: ọ̀kan síbi òpó tó sún mọ́ bọ́ọ̀lù, ọ̀kan síbi òpó tó jìnnà, ọ̀kan síbi ojú pẹ́náritì tó wà ní mítà 11. Ẹni ìkẹta yìí ló ṣe pàtàkì jù. Kò gbọ́dọ̀ tètè dé. Kí ó dúró lẹ́nu éétíìnì títí ẹni tó ni bọ́ọ̀lù yóò fi tẹ orí ba láti tà á, nígbà náà ni kí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré wọlé. Bí ó bá tètè wọlé, yóò dúró, ẹni tó dúró sì rọrùn láti máàkì. Emily van Egmond ti Ọsirélíà ṣe é sí wa rí: nínú Ife Àgbáyé 2023, Caitlin Foord gé bọ́ọ̀lù padà, van Egmond sì gbá a wọlé sínú àwọ̀n wa kí abala àkọ́kọ́ tó parí. A padà wá fi 3-2 na Ọsirélíà lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ inú góòlù yẹn ṣì wúlò fún wa. Ẹ gbá a lẹ́ẹ̀mẹwàá ní ọ̀tún, lẹ́ẹ̀mẹwàá ní òsì. Bí bọ́ọ̀lù mẹ́fà nínú mẹ́wàá bá ti ń dé ẹsẹ̀ ẹni ojú pẹ́náritì, ẹ fi olùgbèjà méjì kún un.

Góòlù tí Michelle Alozie fi na Gúúsù Áfíríkà 2-1 ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá ní Mòrókò 2025, ní ìṣẹ́jú kẹrin lẹ́yìn 90, àwọn kan ní oríire lásán ni. N kò gbà. Bọ́ọ̀lù gígùn tí ó gbé sáàárín aṣọ́lé àti ẹ̀yìn, tí ó ta lẹ́ẹ̀kan nílẹ̀ láàárín èrò, ìyọnu ńlá ni fún aṣọ́lé. Ó gbọ́dọ̀ dúró wò ó bóyá ẹnì kan yóò fọwọ́ kàn án ní orí tàbí ẹsẹ̀. Bí kò bá sì sí ẹni tó kàn án, ó ti pẹ́ jù. Kí wọ́n gbé e dé nǹkan bíi mítà mẹ́fà sí mẹ́jọ síwájú àwọ̀n, kí àwọn iwájú sáré lọ bí ẹni tó fẹ́ kàn án lóòótọ́. Èyí tó bá jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọwọ́ aṣọ́lé ló ń bọ́ sí.

Nígbà tí Falcons bá tún gbá, ẹ gbé ojú kúrò lára bọ́ọ̀lù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́. Ẹ wo ẹsẹ̀ Ohale àti Demehin nígbàkúùgbà tí bọ́ọ̀lù bá bọ́ lọ́wọ́ wa níwájú. Bí wọ́n bá gbé ìgbésẹ̀ méjì síwájú, ọkàn yín lè balẹ̀. Bí wọ́n bá fà sẹ́yìn, ẹ wá ẹni tó dúró lẹ́nu éétíìnì, kí ẹ sì wò ó bóyá ẹnikẹ́ni wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.